Ẹ̀yìn Bàbá Rẹ Ni Kí Wọ́n Gbé Sínú Ìwé Ìròyìn

Abà Olórúnda,
Lẹ́yìn Ìlaró.
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kẹwàá, 1991.

Gbádébọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Igbó-Elérin? Ṣé ìyàwó ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run tó yọ bàbá rẹ lọ́wọ́ ejò fún ọdún méjìdínláàádọ́rin á yọ ẹ̀yin náà lọ́wọ́ ọkọ̀ Òkòkòmaikò, nítorí ejò tilẹ̀ sàn, ejò a máa yà fún èèyàn.

Fọ́ọ̀mù ìwé ìròyìn tí o fi ránṣẹ́ fún ìrántí ọdún kan tí bàbá rẹ ti kú ti dé, tíṣà abà wa sì ti kà á fún wa. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ìdílé, wọ́n sì fẹ́ràn ìta gbangba. Òótọ́ ni, àmọ́ ó kéré. Nígbà tí wọ́n wá kí ọ lọ́dún 1988, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìdí wọn ò kan àga rẹ. Wọ́n ro gbogbo koríko àdúgbò títí Fàtáì onílé rẹ fi bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń gbà lójúmọ́. Wọ́n ní àwọn ò gba nǹkan kan, kí ọmọ-ọmọ àwọn ṣáà má tẹ ejò.

Fọ́tò ni wàhálà. O mọ̀ pé nígbà ayé wọn, bí onífọ́tò bá ti ń bọ̀, bàbá rẹ ti lọ wo tàkúté. Mo wá ṣe é bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é: mo kó dàńṣíkí àti fìlà wọn fún Bàbá Àtàndá, àbúrò wọn, torí wọ́n jọra bí ìbejì, onífọ́tò sì yà á. Àfi bí tíṣà ṣe ka ohun tó máa wà lábẹ́ fọ́tò, pé ó ti pé ọdún kan tí o fi wá sílẹ̀, ni Bàbá Àtàndá bá dùbúlẹ̀. Wọ́n ní tó bá ti wà nínú ìwé ìròyìn, ìjọba á gbà á gbọ́. Wọ́n ní òkú kì í jẹ ẹ̀bà. Ìyàwó wọn ní òkú wo wá ni ó ń béèrè bóyá ẹran kù nínú ìkòkò.

Èmi náà wo fọ́tò ọ̀hún, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó jókòó sórí àga, tó ń rẹ́rìn-ín sí onífọ́tò, kì í ṣe ọkọ mi.

Èyí tí mo fi sínú lẹ́tà yìí ni kí o fún àwọn oníwèé ìròyìn. Lọ́nà oko ni onífọ́tò ti sáré tẹ̀ lé bàbá rẹ, ẹ̀yìn wọn nìkan ló bá, ìwọ lo sì wà léjìká wọn, o ṣì kéré nígbà náà. Fọ́ọ̀mù ní kí etí méjèèjì hàn: mo kà á, méjèèjì pé, ó tiẹ̀ hàn ju ti iwájú lọ. Ojú tó kọjú síni tí wọ́n ń béèrè, tìrẹ wà níbẹ̀, o yíjú padà, ò ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èyí tó wà lókè ṣì wà láyé.

Jọ̀wọ́, fi owó férémù ránṣẹ́, àti owó mílíìkì tí Bàbá Àtàndá ní àwọn máa fi padà sáyé. Ara igi máńgòrò níta ni mo máa gbé fọ́tò bàbá rẹ kọ́. Nínú ilé, wọn ò ní dúró.

Láàrin ọ̀pọ̀ èèyàn, ọmọ rẹ á máa dá ẹ̀yìn rẹ mọ̀, bí ìwọ náà ṣe dá ti bàbá rẹ mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyọ̀ká.