Nọ́ńbà Wa Ti Dé Ìgboro

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ́pútẹ́ńbà 1986
Wọ́n ti fa wáyà tẹlifóònù wọ pálọ̀ wa! Harold ọkọ mi ní òun ò ní lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbíní mọ́ kí n má gbọ́ ohùn òun. Màmá rẹ̀ fi etí ìró nu fóònù náà bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà yìí o." Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 5
Wọn ò gbọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló ti mọ nọ́ńbà wa lórí. Rédíò ló yẹ kí n máa pe Màmá. Ẹnì kan pè láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pé kí n bá òun lọ pe Kúbúrátù aládùúgbò wa wá. Ẹlòmíì ń béèrè bóyá a ń ta sìmẹ́ńtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ọkùnrin kan tó ń wúkọ́ ló pè. Ó béèrè ọ̀gá. Mo ní ó ti rìnrìn àjò. Ó ní ìgbà wo ló máa dé — mo sì dáhùn! Kí ló ṣe mí?

Ọjọ́bọ̀, 11
Oníkọ́ tún pè. Kò sọ̀rọ̀. Ikọ́ nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Obìnrin kan pè láàárọ̀, ó ní nọ́ọ̀sì lòun, mọ́tò Harold dojú dé, ó wà ní ọsibítù ní Odogbolu, kí gbogbo ilé máa bọ̀. A sáré lọ. Kò sí Harold. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan tó pe ẹnikẹ́ni.

A padà délé — wọ́n ti já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àpótí aṣọ Màmá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Harold pè nírọ̀lẹ́ láti Ìbíní, ara rẹ̀ le koko. Mo sunkún sínú fóònù. Lẹ́yìn náà mo kọjú sí Màmá: "Ẹnu yín ló kó olè wọlé."

Ọjọ́ Ajé, 15
Mo lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù pé kí wọ́n bá wa pààrọ̀ nọ́ńbà. Wọ́n ní kí n lọ máa retí. Mo délé, mo ṣòfin: Màmá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù mọ́. Ohùn tí n kò bá mọ̀, gígé ni.

Ọjọ́rú, 17
Ó ń dún, mo ń gé e. Oorun ò kun ojú mi. Màmá kì í jókòó sí pálọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 21
Àná. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Fóònù dún lọ́sàn-án. Obìnrin: "Màdáámù, nọ́ọ̀sì ni mí, láti ọsibítù ní Ṣágámù, ọkọ yín —" Mo gé e. Ó tún dún. Ọkùnrin lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ há, wáyà ń hó: "Mọ́ṣádé, èmi ni, má gé e —" Mo pariwo, "Olè! Ọlọ́run á mú yín!" Mo gé e. Mo jáde lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, kí n má baà gbọ́ ọ mọ́.

Ìgbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá ló gbé e. Mo gbọ́ igbe wọn. Mo sáré wọlé láti já a gbà, wọ́n fi apá tì mí sẹ́yìn. "Harold ni! Ohùn ọmọ mi nìyí!"

Ọkọ̀ agbégẹdú ló kọ lù ú lójú ọ̀nà Ìbíní. Ẹsẹ̀ ọ̀tún fọ́. Ẹbí tó máa fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń dúró dè. A sáré lọ sí Ṣágámù, mo fọwọ́ sí i. Dókítà ní òun ò tíì lè sọ bóyá ẹsẹ̀ náà á ṣeé gbà là.

Láàárọ̀ yìí Harold lajú. Ó wò mí, ó wo Màmá. Ó ní, "Ìgbà tí wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì mi dé ìdí fóònù — ta ló pè mí lólè? Ariwo wáyà pọ̀, mi ò dá ohùn náà mọ̀."

Mo la ẹnu. Màmá ti ṣáájú mi.

"Èmi ni, ọmọ mi. Èmi náà ò dá ohùn tìrẹ mọ̀."

Wọn ò wojú mi. Harold na ọwọ́, ó di tèmi mú. Mo jẹ́ kó dì í mú. Mi ò sọ nǹkan kan.