Ilé Àkọ́kọ́ Adongo

Apiyo ọmọ mi,

Báwo ni Nairobi, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ kò tíì tún fi kún owó ilé? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn ilé gíga tí o lọ ń sùn sí bí ẹyẹ. Ara mi le, àní ó le ju bó ṣe yẹ kí ara ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta le lọ, nítorí ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo gbé Adongo níyàwó, mo sì ń súfèé bí mo bá ń fún wàrà, àwọn màlúù pàápàá ti mọ orin náà.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. O mọ̀ pé lásà wa, Adongo kò lè sùn nílé olóògbé ìyá rẹ, ilé àkọ́kọ́ nínú agbolé wa, ìyáálé ló ni ín, ó kú ni o, ó wà láàyè ni o. Nítorí náà inú ilé ìdáná ni ìyàwó tuntun mi ń sùn pẹ̀lú adìẹ mẹ́sàn-án, èmi wà nínú ilé ńlá ìyá rẹ, a ń juwọ́ síra wa lójú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ti ní bí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀ tí àbúrò òun kò nílé, òun ń bọ̀ wá mú un padà.

Mo wá gbọ́ pé kaúntì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ń yá ará oko lówó ìkọ́lé bí ibùgbé rẹ̀ kò bá dára. Mo gba fọ́ọ̀mù. Èmi tí mo jáde girama, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́. Wọ́n bi mí bóyá omi ń ṣàn nínú ilé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde. Wọ́n ní ta ló gbójú lé mi, mo kọ Adongo, màlúù mẹ́ta, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí olóògbé Ogweno aládùúgbò wa fi sílẹ̀ fún mi. Wọ́n wá ní ṣé ilé àkọ́kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ́. Inú bí mi díẹ̀. Ṣé kí n gba ipò ìyá rẹ fún ẹlòmíràn ni? Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé RÁRÁ, ILÉ ÀKỌ́KỌ́ TI WÀ, KÒ SẸ́NI TÍ YÓÒ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Lọ́jọ́ kẹta, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi pé wọn kò lè yá mi, ilé àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń yáni lówó fún. Nísàlẹ̀ wọ́n ní kí n má fèsì. Kí ni mo ṣe tí wọn kò fi fẹ́ gbọ́ ohùn mi? Mo fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn.

Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rán obìnrin kan tó ń jẹ́ Nafula wá wo ibùgbé wa. Ìtìjú kò jẹ́ kí n mú un dé ilé ìdáná, ilé ńlá ni mo fún un ní tíì. Ó ní ilé mi dára púpọ̀, mo ti nílé. Mo ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìyáálé, ó ń wò mí bí ẹni ń gbọ́ rédíò tí kò já geere, ni Adongo bá yọ, ìyẹ́ adìẹ lórí.

Ó ní, “Ọmọ mi, ta ló sọ pé bàbá yìí ló fẹ́ yáwó? Èmi ni. N kò nílé rí láyé mi. Wá wo ibi tí mo ń sùn.”

Nafula tẹríba wọlé, adìẹ bà lé fáìlì rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ibùgbé yìí burú dáadáa, bí ẹni ń yìn wá. Adongo fi ìwé ìfowópamọ́ òwò ẹja gbígbẹ rẹ̀ hàn án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù tuntun. Nafula ní ta ló gbójú lé e. Adongo wò mí tòkètilẹ̀.

“Kọ Okeyo. Ọkùnrin kan ni, òdìkejì àgbàlá ló ń gbé.”

Àná ni wọ́n ní Adongo ti yege, wọ́n á yá a lówó. Apiyo, mo jó dé etí adágún. Adongo ló sì ń gbá ilé ìyá rẹ láràárọ̀, fọkàn balẹ̀.

Owó náà tó ògiri àti páànù, kò dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn. Jọ̀wọ́, fi owó ilẹ̀kùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí òjò tó dé. Orúkọ Adongo ló wà lórí ilé, àmọ́ bí èmi bá ra ilẹ̀kùn, ojú á tì í láti ti ilẹ̀kùn náà mọ́ mi síta.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹni tí yóò máa juwọ́ sí ọ lójú fèrèsé.

Èmi ni bàbá rẹ, Okeyo, ẹni tó gbójú lé Adongo.