Èèkàn Mi Nínú Oko Iṣu Bàbá Àlàó

Ọjọ́rú, 14 Júùnù, 1961

Ó ti sú mi! Lóṣù tó kọjá, akọ̀wé ìwakùsà fi orúkọ mi hàn mí nínú ìwé ńlá wọn, lórí ilẹ̀ tí mo gbàṣẹ láti wa òkúta nínú rẹ̀ ní Ìrókò. Lónìí, akọ̀wé kan náà ní orúkọ mi kò sí níbẹ̀.

"Tíṣà, ẹ lọ wo èèkàn yín. Èèkàn kì í purọ́."

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ nínú oòrùn. Nínú èèkàn mẹ́rin tí mo rì mọ́lẹ̀ láti fi pààlà, n kò bá ẹyọ kan níbi tí mo rì wọ́n sí. Inú oko Bàbá Àlàó, onílẹ̀, ni mo ti rí wọn, tí iṣu ti gùn wọ́n.

"Ìwọ lo ni wọ́n? Mo ṣebí ìjọba ló fi ta wá lọ́rẹ. Ta ló ń fi igi gbígbẹ pààlà? Ṣé pérégún ti tán nílùú ni?"



Mo ṣí ewé iṣu. Orúkọ mi tí mo fi ọ̀dà kọ sára àwọn èèkàn náà ṣì hàn ketekete. Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ mi kù sí nìyẹn, Bàbá sì ní òun ò ní fà wọ́n tu, àfi tí òun bá wa iṣu òun.