Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Kọrin Lé Lórí

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá yẹn, ẹ pa gbogbo ohun tó ń ké níbẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ mi. Ìwọ ọmọ mi ni mò ń bá wí, àmọ́ kí ìyàwó rẹ náà gbọ́, kí àwọn ọmọ náà gbọ́, kí wọ́n lè mọ irú ìyá àgbà tí wọ́n ní. Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà ariwo ìlú. Etí tí o fi ń jẹun ò ní di láéláé.

Nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá iwájú wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe. Ilé dáa. Òrùlé tí o ní wàá tún ṣe ṣì ń jò, àmọ́ ojú kan náà ló ń jò sí, a ti gbé garawa síbẹ̀, ìjà ti parí.

Ọ̀rọ̀ orin tí o ní kí n kọ ránṣẹ́ ni mo bá wá. O ní orin tí mo fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọwọ́ lo fẹ́ fi sínú orin tí ò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, pé kí n kọ ọ́ sínú fóònù. Mo wẹ̀, mo para, mo wọ bàtà, torí mi ò mọ ẹni tó lè wà lódìkejì. Mo gbé fóònù sétí, mo kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tún dúró kí wọ́n kí mi. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì dé, ó ní mi ò tẹ nǹkan kan, pé gíláàsì fóònù lásán ni mò ń kọrin fún láti àárọ̀. Mo ní kò burú, gíláàsì ò sọ pé kò dùn.

Lo bá tún pè, o ní kí n fi fóònù sílẹ̀, kí n lo rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ bàbá yín lẹ́yìn aṣọ ìkélé. O ní ohùn inú kọ̀ǹpútà rẹ mọ́ jù, ó dà bí yàrá tí ẹnì kankan ò gbé rí. O ní o tiẹ̀ fowó ra nǹkan kan tó ń da ariwo bíi ti kásẹ́ẹ̀tì sórí orin. Mo ní kí o tún un sọ. Ọmọ mi, ariwo lo fowó rà. Ká ní mo mọ̀ pé ọjà ni igbe tí ilẹ̀kùn ilé wa ń ké, ǹ bá má ti fi epo sí i.

Mo ṣe bí o ṣe wí. Kásẹ́ẹ̀tì kan ti wà nínú ẹ̀, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, mo gbé orin. Èmi tí mò ń rí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà o, èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ojú-ò-fo-nǹkan. Ìgbà tí mo yí i padà láti gbọ́ ọ, ohùn mi ló kọ́kọ́ jáde, bí ewúrẹ́ tó há sí géètì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á nígbà tí mò ń gba ohùn, orin tán, ẹ̀rọ ṣì ń gbà lọ títí kásẹ́ẹ̀tì fi parí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ máṣíìnì ìránṣọ lábẹ́ ariwo ṣíì-ṣíì yẹn, ó jìnnà bí ẹni wà nílé kejì. Ó sáré díẹ̀, ó dúró, ẹnì kan wúkọ́.

Mo jókòó sílẹ̀. Máṣíìnì náà fúnra ẹ̀, a ti tà á tipẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí bàbá yín fi gba ohùn ara wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni, ní ọdún tó ṣáájú ikú wọn, òun nìkan ló sì kù tí a fi lè gbọ́ wọn. Èmi ìyàwó wọn ni mo kọrin pa wọ́n rẹ́. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n sọ fún ọ pé eku ló jẹ ẹ́, àmọ́ nọ́ọ̀sì ní òun ò ní bá mi kọ irọ́.

Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ó ní irin tó ń pa nǹkan rẹ́ nínú ẹ̀ ti dọ̀tí, agbára ẹ̀ ti tán, ó ń pa á bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ gbígbẹ nu epo lórí tábìlì. Ó ní ó lè ṣẹ́ kù, ó lè má ṣẹ́ kù, àti pé etí àgbàlagbà máa ń gbọ́ ohun tó bá wù ú. Ló bá mú òwú pé òun fẹ́ nu irin náà. Mo já rédíò mi gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbálẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdọ̀tí.

Nọ́ọ̀sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní bí ẹni ń dín nǹkan ló ń ṣe létí òun. Mi ò wá mọ̀ bóyá bàbá yín wà níbẹ̀ ni, àbí èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀ ní ìlú yín, òun ló máa mú kásẹ́ẹ̀tì náà wá. Àmọ́ jọ̀ọ́, má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ fọ̀ ọ́. O ti sọ fún mi pé ó lè ṣa ariwo kúrò kí orin nìkan kù. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ bàbá yín yàtọ̀ sí ariwo? Ikọ́ wọn, ariwo ni. Máṣíìnì wọn, ariwo ni. Orin tèmi ni kó ṣà dànù. Nǹkan inú fóònù, bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ṣèèṣì pa àwòrán ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò rí ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà kan mọ́. Ti àtijọ́ yìí kì í lọ tán, bí aṣọ tó ti gba ìrísí ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Mo rò pé ohun tí ò ń fowó wá kiri nìyẹn.

Fi owó bátìrì ránṣẹ́, mẹ́fà ni rédíò yìí ń jẹ. Fi owó garawa kejì sí i. Mi ò ní bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí o bá ní.

A ti tan rédíò náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí nọ́ọ̀sì tún gbọ́ ọ bó ṣe ń kọ̀wé, èmi sì ń ṣàdúrà fún ọ. Iwájú ni wàá máa lọ. Ẹni tí yóò gbọ́ iṣẹ́ rẹ ò ní wọ́n ọ. Àwọn ọmọ rẹ ò ní kọrin lé ọ lórí.

Dúró ná. Àbúrò bàbá yín obìnrin ló wọlé yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìrìnàjò oṣù méjì dé, ẹnì kankan ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì fún wọn. Wọn ò tíì kí mi. Ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, wọ́n sì kí sínú ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe máa ń kí nígbà tí bàbá yín wà láyé, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì kọ ìyẹn sílẹ̀ kó tó gbé bírò kúrò.