Ìbọn Ìjọba Lábẹ́ Bùbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹsàn-án, 2018

Wọ́n fún mi ní ìbọn lónìí. Èmi Lydia, ìyá Fẹ́rànmí, tí mo máa ń di etí tí àwọn ọmọ bá ń yìn báńgà nígbà Kérésì. Ìbọn ìléwọ́, dúdú, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ Olóòórùn ló fà á. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń kún inú kóòtù kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń kó lọ tà sí òkè òkun. Èmi ni mo ṣe ìwádìí ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà ni màá jẹ́rìí ta kò ó lóṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ tó kọjá, ó rẹ́rìn-ín sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Madam, Kubwa mà jìnnà síbí o." N kò sọ fún un rí pé Kubwa ni mò ń gbé.

Mo ròyìn fún Ọ̀gá Ọládùnjoyè níbi iṣẹ́. Ó ní kí n lọ gba ìbọn. Ìwé àṣẹ wà, káàdì iṣẹ́ wà, gbogbo rẹ̀ bá òfin mu. Abẹ́ aṣọ ni kó máa wà, kí ẹnikẹ́ni má rí i.

Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín nígbà tí mo wọṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá níwájú ọlọ́pàá tí kò mọ̀ mí rí — ìyẹn ni n kò mọ̀.

Mo sọ ọ́ ní Àlejò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mo bi Ṣéhù. Ọ́fíìsì kan náà la jọ ń lò, ó ti ń gbé tiẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n sọ wíńdò kalẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì kí ọlọ́pàá tó dé ọ̀dọ̀ mi. "Má fọwọ́ kan báàgì. Má fọwọ́ kan ìbàdí. Sọ fún wọn kí wọ́n tó rí i. Má sì fi ọ̀rọ̀ ìbọn bẹ̀rẹ̀ o! Tí o bá ti dárúkọ ìbọn, wọn ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni kí o kọ́kọ́ wí."

Ó tún ní, "Ẹ̀rù ń ba àwọn náà, Lydia. Wọ́n ti pa lára wọn lójú títì Kubwa yẹn."

Ìyẹn ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tẹ́rù ń bà, tó tún gbé ìbọn dání.

Babátọ́pẹ́ ọkọ mi wo Àlejò lórí ibùsùn bí ẹni ń wo ejò. Ó bi mí pé títí di ìgbà wo. Mo ní títí ẹjọ́ á fi parí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n dá mi dúró. Lójú ẹsípírẹ́ẹ̀sì, tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ lórí sítíárì. Mo sọ̀rọ̀, ohùn mi kéré jù. Ọlọ́pàá náà ní, "Madam, wetin happen?" Mo tún un sọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ohun tó wà ní ìbàdí mi.

Ojú rẹ̀ kúrò lójú mi, ó lọ sí bùbá mi, ó dúró síbẹ̀. Mo rí bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe ń wá nǹkan lára ìbọn tirẹ̀.

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "You? This small madam?" Ó ka ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní kí n máa lọ.

Mo yà sí ilé epo tó wà níwájú, mo jókòó sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò sọ fún Babátọ́pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹsàn-án

N kò jáde. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Ṣéhù. Wọ́n yìnbọn fún Ṣéhù.

Ó ń ti Kaduna bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó yà ní Zuba láti ra ọsàn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ní kó fi ara rẹ̀ hàn. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn láti yọ káàdì, káfútáánì rẹ̀ gbéra — wọ́n rí ìdí ìbọn. Kò tíì parí ọ̀rọ̀. Itan ni ó ti bà á.

Ṣéhù tó kọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ kí i ní ọsibítù. Àlímátù ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Ṣéhù máa yè, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì dá wọn lójú.

Mo bi í, n kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, ṣebí ìwọ lo ní ká má fọwọ́ kan nǹkankan.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti rẹ̀ mí ni. Ebi ń pa mí. Ọwọ́ mi kàn lọ ni."

Ó ní ọlọ́pàá tó yìnbọn náà ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ fi dí ojú ọgbẹ́, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀ kó má kùú. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ká ní ènìyàn burúkú ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣọ́ra fún.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dúró níwájú dígí, mo ń kọ́ ọwọ́ mi láti dúró jẹ́ẹ́. Ọwọ́ mi, mo bẹ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí wúruwùru. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n kò ní sùn.

À ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́sàn-án. Babátọ́pẹ́ ló ń wa ọkọ̀, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Fẹ́rànmí ń sùn lẹ́yìn. Àlejò wà ní ìbàdí mi — Ọ̀gá ti ní n kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nínú ilé tí kò sí ènìyàn. Bí a ṣe kù díẹ̀ ká wọ Kubwa, ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà. Ojú wọn le. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó gbọ́ pé ajínigbé ni wọ́n ń wá.

Mo ti gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ti la ẹnu. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi Babátọ́pẹ́ pé kí la gbé. Ọkọ mi — díákónì, tí kì í purọ́ — ó ní, "Officer, nothing o. No gun, nothing. Na church we dey come from."

Ta ló bi í ní ọ̀rọ̀ ìbọn?

Bí mo bá dákẹ́, tí wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n rí i, a ti di ajínigbé nìyẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi ti di òpùrọ́ lójú wọn. Mo sọ̀rọ̀. Mo ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ìwé àṣẹ mi wà nínú báàgì, ìbọn iṣẹ́ mi wà ní ìbàdí mi lọ́wọ́ ọ̀tún, n kò ní fọwọ́ kàn án.

Ìbọn nìkan ni wọ́n gbọ́. Gbogbo wọn kọ́kì ìbọn wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wọ́ Babátọ́pẹ́ jáde, wọ́n dojú rẹ̀ dé orí ọ̀dà títì pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo lọ̀ fún un láàárọ̀. Ọmọkùnrin yẹn fi ẹnu ìbọn ti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wà lórí ibi tí wọ́n ń fà. Ìka yẹn nìkan ni mò ń wò.

Fẹ́rànmí jí. "Mummy, why is Daddy on the floor?" Mo gbọ́ tí ó ń wá ibi tí yóò fi ṣí ilẹ̀kùn. N kò yíjú, n kò gbé ọwọ́ kúrò. Mo ní, "Fẹ́rànmí, má mira. Má mira rárá." Ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá wa lóhùn, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Àgbàlagbà kan wà láàárín wọn, sájẹ́ǹtì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó rìn wá jẹ́jẹ́. "Kai, kai. Ẹ rọra." Ó di ìbọn ọmọkùnrin náà mú, ó gbé ẹnu rẹ̀ sókè, bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ó ní òun ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Madam, ẹ jókòó bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá mú un. Ṣé kí n mú un?"

Ó tọrọ ààyè! Mo ní kó mú un.

Ó pe Ọ̀gá Ọládùnjoyè lórí fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀, ó dá Àlejò padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Yàhàyá lorúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ń gbọn eruku lára aṣọ Babátọ́pẹ́, ó ń sọ pé, "sorry sir, sorry sir."

Babátọ́pẹ́ wa ọkọ̀ délé.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Babátọ́pẹ́ fọ aṣọ funfun náà fúnra rẹ̀. Ọ̀dà ò kúrò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Babátọ́pẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní, "Ìyá Fẹ́rànmí, nígbà tí mo wà nílẹ̀ yẹn, mi ò rò ju pé tí wọ́n bá pa mí, orí irọ́ ni mo kú sí. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹnu mi kàn sọ ọ́." Ó ní òun ò sọ pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ mọ́ èyí tó máa kọ́kọ́ pa wá, Olóòórùn ni tàbí ìbọn tí wọ́n ní ká fi dáàbò bo ara wa.

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ gba ìyọ̀. Bí ilẹ̀kùn ṣe dún, Fẹ́rànmí na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ lókè, títí tí bàbá rẹ̀ fi lọ sọ ọ́ kalẹ̀ fún un.



Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti dá Àlejò padà. Ọ̀gá bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Màá jẹ́rìí bí a ṣe sọ, ìbọn nìkan ni n kò fẹ́. Ìbàdí mi fúyẹ́. Mo kọrin délé.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Sájẹ́ǹtì Yàhàyá ló dá mi dúró ní ìrọ̀lẹ́ yìí, níbi tí wọ́n ti dá wa dúró lọ́jọ́ Àìkú. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. "Sannu, madam." Ó tẹ̀ba sí wíńdò, ó bi mí ní ohùn kékeré pé nǹkan ọjọ́sí dà.

Mo ní mo ti dá a padà fún ìjọba, kó má ṣèyọnu.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ó wo ọ̀nà tí mo gbà wá.

Ó ní àwọn ọkùnrin méjì dúró lọ́dọ̀ àwọn lánàá nínú jíìpù. Wọ́n ń ṣe bí ẹni ń ṣeré, wọ́n ń béèrè madam kan tó ń gbé ìbọn, pé ṣé ọ̀nà ibí ló máa ń gbà, pé ṣé òun nìkan ló máa ń wà nínú ọkọ̀. Ó ní òun dá wọn lóhùn pé òun ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tí àwọn yòókù sọ.

N kò béèrè ẹni tó rán wọn, Olóòórùn ni. Ọwọ́ mi wà lórí sítíárì, n kò lè gbé e kúrò.

Ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó yí lọ sí òdì kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó tì mí. Ó gbé ìbọn ńlá rẹ̀ sáàárín orúnkún. "Ẹ máa wà á lọ, madam. Ẹ má sáré."

Babátọ́pẹ́ ló ṣí géètì. Ó rí ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró gbagidi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó wo sájẹ́ǹtì náà títí. Ó wá ní, "Ẹ wọlé, sà. Ẹ wá bá wa jẹun."

Mo ti pe Ọ̀gá. Ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i, ó di ọ̀la. Mò ń gbọ́ ohùn wọn ní pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, òun àti Babátọ́pẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Fẹ́rànmí ń bi í ní ìbéèrè. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ò bà mí lónìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbà tí Yàhàyá máa fọwọ́, tó máa dìde, tó máa ní òun ń lọ.