Orúkọ Tí Mo Kọ Sórí Háàdì Tuntun

Ajé, 12 Ṣẹ́rẹ́ 2026
Ọyẹ́ mú. Ayọ̀wálé ará Iyah-Gbede gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú-Ilẹ̀ ni n ó máa pè é níbí — kò wo ojú mi rárá. Ti Ọpẹ́dayọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jos. Ó fi í sílẹ̀ fún ìyá wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, kí wọ́n máa wo fọ́tò rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Háàdì inú rẹ̀, ibi tó ń kó fọ́tò pa mọ́ sí, ti ń kú lọ. Ojú-Ilẹ̀ ní, "Sístà Miriam, ẹ jọ̀ọ́, kí fọ́tò kan ṣoṣo má sọnù."

Ọjọ́rú, 14
Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sórí háàdì tuntun, SSD. Fọ́tò pé. Àmọ́ ẹ̀dà gbé orúkọ mọ́ ọn — háàdì méjèèjì ń jẹ́ OPEDAYO lójú kọ̀ǹpútà. Kí n má baà ṣì wọ́n mú, mo sọ ti àtijọ́ di OKU. Bí mo ti máa ń ṣe sí háàdì tó bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn oníbàárà dúró tì mí, mo ń kánjú. Mo fi tuntun sínú láptọ́ọ̀pù, ó tàn, mo pa á dé. Ojú-Ilẹ̀ gbé e lọ.

Ẹtì, 16
Mo so háàdì àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà mi, kí n pa inú rẹ̀ rẹ́. OPEDAYO ló hàn.
Yéè! Tuntun ni mo kọ OKU sí.

Àbámẹ́ta, 17
Mo pe Ojú-Ilẹ̀ títí. Kò gbé e. Ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà — kó wá bá OKU níbi tí orúkọ rẹ̀ wà! Iṣẹ́ kékeré ni àtúnṣe rẹ̀: tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lé e, kọ orúkọ, ó parí.

Àìkú, 18
Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ ìwàásù.

Ajé, 19
Mo gun ọ̀kadà lọ sí Iyah-Gbede. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń tún ẹ̀bẹ̀ mi tò. Èrò jókòó níwájú ilé wọn. Mo kí wọn bí wọ́n ti ń kíra níbẹ̀, "Okun o." Wọ́n dáhùn ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ojú-Ilẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni Ọpẹ́dayọ̀ ti kú, jàǹbá ọkọ̀. Wọ́n fi í pa mọ́ fún Màmá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, Màmá ṣí láptọ́ọ̀pù, wọ́n pe Ojú-Ilẹ̀: "Ta ló kọ òkú sí ipò ọmọ mi?" Ó rò pé ẹnìkan ti tú àṣírí náà fún wọn. Ó bú sẹ́kún. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Gbogbo ilé yìí ló ń purọ́ fún mi. Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́."

Àṣìṣe ni, mà — ó dé ètè mi. Mo gbé e mì.

Wọ́n ní kí n dá orúkọ rẹ̀ padà. Mo kọ ọ́: OPEDAYO. Wọ́n wò ó lọ títí. "Fi àmì ohùn sí i. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ." Mo fi àmì sí i: Ọpẹ́dayọ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a bá irọ́ lẹ́nu mi láéláé.

Mo ní àmín.