Lásáńyà Tí Mo Sè fún Màmá Rẹ

Ilé Ayọ̀adé,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ.
Ọjọ́ Ajé.

Modúpẹ́olúwa, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Fisáyọ̀, mo kí Ìfẹ́olúwapọ̀ ọmọ-ọmọ mi tó máa ń fẹ́ fà mí ní irùngbọ̀n láti inú fóònù. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Àbújá? Ṣé oòrùn ibẹ̀ kò mú jù? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín, ẹ kò ní sunkún ara yín, ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé kò ní dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Àwa náà wà lálàáfíà, àlàáfíà ọ̀hún sì pọ̀ débi pé mo ní kí n jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, torí fóònù kò gba ọ̀rọ̀ gígùn, bí mo bá ti sọ ọ́ dé ibi tó dùn ni yóò ní owó mi ti tán.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní ẹjọ́ kékeré kan láti bá ọ rò. Ohùn tí o ká ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù nípa bí a ṣe ń se oúnjẹ yẹn, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ni o ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi." Mo ní, "Káàárọ̀ ọmọ mi, ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ jí dáadáa?" O kò dá mi lóhùn. O ṣáà ń bá tìrẹ lọ, àlùbọ́sà, tòmátì, àlùbọ́sà, tòmátì. Mo ní kí o dúró kí n wá bírò, o kò dúró. Inú mi bàjẹ́, mo ní Àbújá ti sọ ọmọ mi di ẹlòmíràn. Àfi ìgbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́ tí o tún kí mi káàárọ̀ bí ẹni pé a kò tíì rí ara wa, ni mo wá mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ṣì wà lára rẹ, mo sì dárí jì ọ́.

Ẹrù tí o fi rán dírẹ́bà dé ọwọ́ mi. Mo lọ gbà á ní Íntáṣénjì Ṣàgámù, láàárín àwọn tó ń ta ìpékeré àti búrẹ́dì, mo sì gbé páálí náà lé itan mi nínú ọkọ̀ títí mo fi délé, torí ó wúwo bí ọmọ tó sùn.

O mọ bí ibà jẹ̀funjẹ̀fun yẹn ṣe bá màmá rẹ fínra. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ká máa lọ sílé láti ilé ìwòsàn, ibà ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gba oúnjẹ. Mo po ògì, ó ní ó korò. Àwọn obìnrin ìjọ gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ìkọ́kọrẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ gbé kọjá lójú màmá rẹ tẹ́lẹ̀, ó fi ṣíbí kàn án, ó ní wọ́n ṣeun, ó sì tì í sí ọ̀dọ̀ mi. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò bá oúnjẹ kankan jà. Obìnrin tó jẹ́ pé bí iyọ̀ bá dín díẹ̀ báyìí, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́! Ó kàn máa ń sọ pé, "Ó dáa, ẹ gbé e sílẹ̀," yóò sì kọjú sí fèrèsé. Aṣọ rẹ̀ ń tóbi mọ́ ọn lára. N kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ lórí fóònù, torí mo mọ̀ pé wàá pọn ọmọ sẹ́yìn, wàá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá.

Nígbà tí o wá sọ pé oúnjẹ tó jẹ lọ́dọ̀ rẹ lásìkò tó wá tọ́jú ìkókó ni o fi ránṣẹ́, oúnjẹ tó ròyìn fún gbogbo obìnrin ìjọ pé ó rí bí ìwé tí wọ́n fi ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò yé mi. Lásáńyà. Mo ní oúnjẹ wo ni yóò fi lásán bẹ̀rẹ̀ orúkọ? Ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ yìí wá, ṣé lásán náà ni ká tún fi bọ́ ọ?

Mo tú páálí. Mo rí ìkòkò amọ̀ dídán nínú ìkòkò mìíràn. Mo rò pé méjì ni o rà, pé ọ̀kan jẹ́ ti Alàgbà Kọ́mọláfẹ́ ní ìjọ wa, mo sì ti ń wá láílọ́ọ̀nù tí n ó fi gbé e lọ kí n tó rí i pé èyí ìta ní wáyà iná nídìí bí ìrù, pé inú rẹ̀ ni èkejì ń gbé. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i lára. O mọ̀ pé Bíbélì Yorùbá ni mo fi mọ̀wé. Ti àkọ́kọ́, mo rí L, mo rí O, mo ní "lọ" nìyí, ìyẹn ni pé kí ó máa lọ, àwọn tó ṣe é ló gbàgbé àmì abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ki W kan bọ ìparí. Èkejì ni háì tí àwọn ọmọ ìwòyí fi ń kí ara wọn. Mo ní n kò rán ìkòkò ní ìkíni. Ẹ̀kẹta kò yé mi, mo fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ohun tó kàn wá ni pé o ní oúnjẹ náà yóò pẹ́ gan-an lórí iná. Ọjọ́ Ẹtì ni mo sì fẹ́ sè é. Mo lọ bá Alàgbà Kọ́mọláfẹ́, mo bi í bóyá ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí oòrùn bá wọ̀ tí Sábáàtì wọlé bá ìkòkò mi lẹ́nu iṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí èmi fúnra mi jókòó jẹ́ẹ́. Alàgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí ìkòkò tó ṣe ìrìbọmi rí, pé kì í ṣe ọmọ ìjọ, ṣùgbọ́n kí èmi tí mo ti ṣe ìrìbọmi tètè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí iṣẹ́ parí kí oòrùn tó wọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo gbé ẹran màlúù lọ sọ́dọ̀ Lìádì tó ń lọ ata, ó ní bí òun bá fi ẹ̀rọ òun lọ ẹran, ta ni yóò tún gbé ata wá fún òun. Mo gbé e padà, mo gún un lódó bí ẹni gúnyán. Mo dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tòmátì, n kò fi ata sí i nítorí ẹnu aláìsàn. Ìwé oúnjẹ tó wà nínú páálí yẹn le bí pátákó, mo gé díẹ̀ jẹ níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eyín mi lọ. Mo tún lọ gbọ́ ohùn rẹ, bóyá ó yẹ kí n kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, o ní rárá, ọbẹ̀ ni yóò mú un rọ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe bíríkìlà, ẹnikẹ́ni kò ní kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ nǹkan lé nǹkan. Ọbẹ̀ nísàlẹ̀, ìwé lórí rẹ̀, ọbẹ̀, wàràkàṣì, ìwé. Ibi tí ìwé kò bá ti kárí, mo ṣẹ́ òmíràn dí i. Wàràkàṣì ọ̀hún, tí ẹ̀yin ń pè ní ṣíìsì, láti kékeré ni mo ti ń kà á pé Dáfídì gbé e lọ fún balógun àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n kò mọ̀ pé n ó fọwọ́ kàn án láyé. Mo gbàdúrà, mo dé e, mo yí i sí "lọ".

Mo jókòó tì í. Kò hó. Kò dún. Mo fi etí lé e, mo sì lọ sọ fún màmá rẹ pé ìkòkò ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ìdérí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, òórùn kan sì jáde, màmá rẹ yí ojú kúrò lójú fèrèsé, ó wo ọ̀nà kíṣìnì. Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tó ti wo ibẹ̀ kẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n mú iná lọ.

Mo dúró, a kò rí iná. Oòrùn ń lọ. Mo ní n kò ní fi ìtìjú kú, mo tan sítóòfù, mo ti gbé amọ̀ dídán yẹn lọ́wọ́ kí n gbé e lé e, ni Tájù wọlé. Tàjúdéènì wẹ́dà ni mò ń wí, aládùúgbò wa, ó ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀ nínú jàlàbíà funfun. Ó ké pé, "Bàbá, ẹ má gbé e lé iná o, yóò là sí méjì!" Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Ó bọ́ síta. Mo rò pé ó ti lọ ni, àfi bí mo ṣe rí òun àti Rasheedat ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tó fi ń jó irin wá. Géètì oníbàárà kan wà nílẹ̀ tó yẹ kó jó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní géètì ńkọ́? Ó ní ebi kì í pa géètì. Mo ní kí n lọ ra epo, ó ní, "Bàbá, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ tí n kò tíì níyàwó, oúnjẹ ta ni mò ń jẹ? Ṣé Màmá gba owó kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi?"

Oòrùn ṣì wà lórí igi obì ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ọ̀bẹ wọ inú lásáńyà láìjanpata. A pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo ibi sì dákẹ́ rọ́rọ́. A kọrin, a gbàdúrà láti fi gba Sábáàtì wọlé, Tájù àti Rasheedat jókòó dè wá, wọ́n bá wa ṣe àmín. Mo bu oúnjẹ fún màmá rẹ. Ó wò ó. Ó fi ṣíbí gé igun kan, ó fi sẹ́nu, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó tún gé òmíràn. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Modúpẹ́, ṣé wọn kò ta ata lọ́jà mọ́ ni?"

Ó ní, "Iyọ̀ náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń ṣọ́ iyọ̀ lò ni?"

Modúpẹ́, mo ní mò ń bọ̀, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo fara ti igi obì, mo sunkún bí ọmọdé. Tájù bá mi níbẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ló dùn mí, ó ní kí n má bínú, pé aláìsàn ni. Mo ní kì í ṣe ìbínú. Mo ní ìyàwó mi nìyẹn, Tájù, ó ti dé.

Ìgbà tí a fi máa wọlé padà, ó ti jẹ ti àwo rẹ̀ tán, ó ń fi ṣíbí họ èyí tó gan mọ́ etí ìkòkò, Rasheedat sì ti sáré mú ata gígún wá láti ilé wọn. Tájù ní oúnjẹ náà dà bí mọ́ínmọ́ín tó wọ bùbá mẹ́ta lé ara wọn, ṣùgbọ́n ó tún bù.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá lọ́hùn-ún nìyẹn. Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun sí i. Lánàá ó gbé àpótí sí kíṣìnì, ó jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ sè é, ó fi ẹja yíyan àti ata rodo sí i, ó ní bí àwọn Òyìnbó ṣe ń sè é kò tíì pé. Ó ní kí n má fọwọ́ kan ìkòkò òun mọ́ láé.

Ìwé lásáńyà ti tán, wàràkàṣì náà ti tán, má bínú, tún bá wa rà á. Bí ọwọ́ rẹ bá sì gbé e, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀ Tájù nígbà tí kò bá sí nílé. Kò ní gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bó bá bá a nínú rẹ̀, yóò rò pé òun ló gbàgbé. Báńkì ni kí o gbà fi ránṣẹ́, ọmọlúwàbí ni wọ́n. Wọ́n kọ̀wé sórí fóònù mi pé kú ọjọ́ ìbí, mo dá wọn lóhùn pé wọ́n ṣeun, kí wọ́n bá mi kí ìyàwó wọn, wọn kò tíì fèsì, bóyá obìnrin náà rin ìrìn-àjò ni.

Ó yẹ kí n dá bírò dúró, màmá rẹ ti bu oúnjẹ, ó ní bó bá tutù, òun kò ní tún un gbé kaná fún ẹnikẹ́ni. O ṣeun, ọmọ mi. O jìnnà, ọwọ́ rẹ kò jìnnà. Ìkòkò ilé rẹ kò ní gbẹ, ọmọ rẹ yóò dàgbà sójú rẹ. Lọ́jọ́ tí ó bá sì rẹ ìwọ náà, tí oúnjẹ kò wù ọ́ jẹ, ẹni tí yóò fi sùúrù jókòó tì ọ́ títí wàá fi jẹun kò ní wọ́n ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Boaz Ayọ̀adé.